Kóló Tí Kì Í Dún

Agolo mílíìkì ni kóló tèmi nígbà èwe.
Bàbá mi fi ìṣó lu ihò sí i lórí,
ó ní, "Ohun tó bá ti wọ ibí, tìẹ ni."
Òkè-Àrẹ̀mọ nìyẹn, láyé tí kọ́bọ̀ ṣì ń dún.
Owó Iléyá wà níbẹ̀,
owó tí Àǹtí Mùyíbátù fún mi torí pé mo bá a pọn ọmọ,
kọ́bọ̀ márùn-ún kan tí mo he lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.
Alaalẹ́ ni mo ń mì ín sétí kí n tó sùn.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé e, ó fúyẹ́.
Bàbá mi ò bínú, kò sì tijú.
"Mo bá ẹ tọ́jú rẹ̀ ni."
Ó ti di ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.
Ó ṣì ń bá mi tọ́jú rẹ̀
níbi tí a sin ín sí, lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí Rọ́fíátù pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
mo mú un lọ bá Gáfárù káfíńtà ní Yemẹtu.
Ó kan kóló onípákó fún un,
kò sí ìlẹ̀kùn, kò sí kọ́kọ́rọ́,
bí o bá fẹ́ owó, àfi kí o fọ́ ọ.
Mo ní, "Bó o bá rí igba náírà,
ná ọgọ́rùn-ún, jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún yòókù sùn."
Ó wò mí. "Ta ló máa jí i?"
N kò mọ èwo nínú jíjí méjèèjì ló ń bi mí.

Oṣù kẹsàn-án, òjò ò dáwọ́ dúró,
ẹ̀rọ ìránṣọ mi kú sórí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ mẹ́rìnlá
tó fẹ́ wọléèwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré. Gbogbo ẹni tí mo pè, kò sí lọ́wọ́ wọn.
Lóru, iná ò sí, mo mú ọ̀bẹ,
mo jókòó ti kóló bí olè tó mọlé.
Mo mì ín. Kò dún.
Owó bébà kì í pariwo.
Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi nínú òkùnkùn,
òun àti ìṣó rẹ̀.
Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú olè,
ojú ẹni tí ọmọ mẹ́fà ń wò lẹ́nu ni.
Mo dá ọ̀bẹ padà sínú agbọ̀n àwo.

Ilẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ títí ojú wa fi dọ́gba.
"Rọ́fíà, yá mi lówó."
Ó ní, "Ìgbà wo lẹ máa san án?"
Àṣé èmi ni mo kọ́ ọ!
Ó fi òòlù fọ́ kóló, ó ka owó lẹ́ẹ̀mejì,
ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò:
Màámi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Jímọ̀ tó ń bọ̀.
Ó ní kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.
Ó ní àwọn kan máa ń san lé e.
Mo ní a kì í gba èlé nílé yìí.
"Kò burú, mo kàn béèrè ni."

Jímọ̀ dé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo rí san.
Sátidé ni mo tó san ìyókù.
"Ẹ pẹ́ o," ó wí, bí alájọ Agbeni.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n ti dé tán o.
Ó kó gbogbo owó náà, ó fà mí dé Gbági,
ó ra bàtà tí iná ń tàn ní gìgísẹ̀ rẹ̀.
Ọjọ́ kẹfà, ó là pẹ̀rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àrẹ̀mọ.
Ọ̀rọ̀ ń yún mi lẹ́nu,
mo fi abẹ́rẹ́ há eyín, mo ń ránṣọ lọ.
Òru méjì ni iná bàtà náà fi ń ṣẹ́jú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lánàá, òun nìkan ló lọ bá Gáfárù.
Kóló méjì ló gbé bọ̀.
"Tiyín rèé, Màámi. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."
Mo ju igba náírà sínú rẹ̀.
Mo mọ̀ pé kò ní dún.
Mo ṣáà gbé etí lé e.